Ohùn Ta Ni À Ń Gbọ́? Àyẹ̀wò Èdè Ìwé Àdéhùn Èkó àti Àgbádárìgì, àti Ọ̀rọ̀ 'Ìjọba Tiwa-n-tiwa' Lẹ́nu Àjèjì

Ìfáárà

Nígbà tí a bá gbé ewì tàbí ìtàn-àròsọ kalẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, ìbéèrè kan wà tí àwa olùkọ́ Yorùbá máa ń fi ṣíwájú gbogbo ìbéèrè mìíràn. Ìbéèrè náà ni pé: ta ló ń sọ̀rọ̀? A ń kọ́ wọn pé akéwì lè fi ohùn arúgbó kéwì, pé òǹkọ̀wé lè fi ohùn ọ̀daràn ròyìn, kí ẹni tí ó ń kà má baà gbé ọ̀rọ̀ ẹnì kan lé ẹlòmíràn lórí. Ohun tí a kì í sábà ṣe ni kí á gbé ìbéèrè kan náà lọ bá ìwé tí kì í ṣe ewì, tí kì í sì í ṣe ìtàn-àròsọ, ṣùgbọ́n tí ó yí ayé wa padà ju ewì kéwì lọ. Lára irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìwé àdéhùn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá àwọn ọba àti ìjòyè etíkun wa ṣe láàárín 1852 sí 1863.

Ohun tí ó mú wa gbé iṣẹ́ yìí dání kò jìnnà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń kọ àròkọ lórí Àgbádárìgì, a mọ ohun tí yóò kọ kí ó tó kọ ọ́. Yóò sọ̀rọ̀ lórí igi Agia tí wọ́n ti wàásù lábẹ́ rẹ̀ ní 1842, àti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ ní 1845. Yóò wá kádìí rẹ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀làjú, òmìnira àti ìjọba rere gbà wọ orílẹ̀-èdè wa. Àwa náà a sì fún un ní máàkì. Ìbéèrè wa ni pé ohùn ta ni akẹ́kọ̀ọ́ náà fi ń sọ̀rọ̀, ta ni ó sì kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Èrò tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ kò le. Bí ẹnì kan bá gbé ìjọba rere wá bí ẹ̀bùn, tí òun fúnra rẹ̀ ń yan ẹni tí yóò gbà á, tí ó ń yan ọ̀rọ̀ tí a ó fi gbà á, tí ó sì di kọ́kọ́rọ́ ilé owó-ibodè mú, àṣẹ ni ó gbé wá, kì í ṣe ẹ̀bùn. Èdè àwọn ìwé àdéhùn wọ̀nyí fi èyí hàn kedere fún ẹni tí ó bá mọ ìwé kà. Bákan náà ni èdè àwọn tí ń fi ìjọba dẹmọ tọrẹ kiri lóde òní.

Ọba Tí Ó Ń Dúró De Ọkọ̀ ní Àgbádárìgì

Kí á tó máa bá èdè wọ inú ìwé, ó yẹ kí á mọ bí ọ̀rọ̀ ti jẹ́. Ní 1845, Kòsọ́kọ́ lé Akíntóyè kúrò lórí ìtẹ́ Èkó. Akíntóyè sá lọ sí Abẹ́òkúta, lẹ́yìn náà ó wá fi Àgbádárìgì ṣe ibùgbé. Àgbádárìgì ìgbà náà kì í ṣe ìlú ọba kan. Àdúgbò mẹ́jọ ni ó ní, olóyè tirẹ̀ ni ó sì ń darí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn Ògù ni ó pọ̀ níbẹ̀, àwọn Yorùbá náà sì wà. Òwò ẹrú ti wà níbẹ̀ pẹ́. Ọjà Vlekete àti erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fú tí wọ́n ń gbà kó ènìyàn lọ sókè òkun jẹ́ ẹ̀rí títí di òní.

Ìlú yìí ni Akíntóyè ti bá àwọn míṣọ́nnárì ìjọ C.M.S. pàdé. Gollmer wà lára wọn, ó sì di alátìlẹ́yìn rẹ̀. Ní 1849 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fi John Beecroft jẹ kọ́ńsù fún gbogbo etíkun wa. Ní 1851, ìwé ẹ̀bẹ̀ ti ọ̀dọ̀ Akíntóyè dé ọwọ́ rẹ̀. Ó ń bẹ àwọn Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n dá òun padà sórí ìtẹ́ baba òun, òun yóò sì fi òpin sí òwò ẹrú. Kí á fi ọkàn sí èyí: ọba tí a lé jáde ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀bẹ̀, ó sì ń ṣe ìlérí ohun náà gan-an tí ẹni tí ó ń bẹ̀ fẹ́ gbọ́.

Kì í ṣe gbogbo Àgbádárìgì ni ó gba Akíntóyè tọwọ́tẹsẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 1851, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ àti àwọn olóyè tí ó fẹ́ ti Kòsọ́kọ́. Iná jó apá kan ìlú. Àwọn Ẹ̀gbá wá gbèjà àwọn ti Akíntóyè. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé kí ìbọn ńlá tó dún ní Èkó, ìlú tí ó gba àlejò ti fi ilé tirẹ̀ san nínú rẹ̀.

Ní oṣù Kọkànlá 1851, Beecroft tọ Kòsọ́kọ́ lọ, ó sì fi ìwé àdéhùn lọ̀ ọ́. Kòsọ́kọ́ kọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ gbógun lọ ní ọjọ́ 25 oṣù náà, wọn kò rí i ṣe. Lẹ́yìn ọdún Kérésìmesì, wọ́n padà wá pẹ̀lú agbára. Kòsọ́kọ́ sá, wọ́n sì gbé Akíntóyè tí wọ́n mú bọ̀ láti Àgbádárìgì gorí ìtẹ́.

Orúkọ tí a fún ogun yìí tó kí á dúró wò. Àwọn ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì fún un ní orúkọ kan lédè wọn tí ó túmọ̀ sí mímú ìlú wálẹ̀, sísọ ọ́ di kékeré. Orúkọ náà tutù, ó dà bí iṣẹ́ akọ̀wé. Àwọn ará Èkó pe tiwọn ní Ogun Ahóyaya, àwọn mìíràn sì pè é ní Àgídìngbì, nítorí bí ìbọn àgbá ti dún létí wọn. Ẹni tí ó yìnbọn sọ ohun tí ó fẹ́ rí gbà. Ẹni tí a yìnbọn fún sọ ohun tí ó gbọ́. Bí olùkọ́ bá fẹ́ kọ́ni ní ọ̀rọ̀ afarajọ-ìró, kò sí àpẹẹrẹ tí ó dára jù èyí lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí ó fi hàn tó bẹ́ẹ̀ pé orúkọ ìṣẹ̀lẹ̀ ti jẹ́ ìdájọ́ lórí ìṣẹ̀lẹ̀ náà.

Ìwé Àdéhùn 1852: Ta Ni Ó Ní Ọ̀ranyàn?

Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1852 ni Akíntóyè fọwọ́ sí ìwé àdéhùn nínú ọkọ̀ ogun Penelope. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ nìwọ̀nyí: a kò gbọdọ̀ kó ẹrú jáde mọ́, a kò gbọdọ̀ fi ènìyàn rúbọ, kí àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì máa ṣòwò bí ó ti wù wọ́n, kí á má sì fún orílẹ̀-èdè mìíràn ní àǹfààní tí a kò fún wọn, kí á máa dáàbò bo àwọn míṣọ́nnárì. Bí òwò ẹrú bá tún hù, àwọn Gẹ̀ẹ́sì lè fi agbára tẹ̀ ẹ́ rì.

A kò gbọdọ̀ fi ojú kékeré wo méjì àkọ́kọ́. Títa ènìyàn burú, fífi ènìyàn rúbọ burú, kò sì sí ọmọlúàbí tí yóò gbèjà wọn. Ohun tí alámèyítọ́ gbọ́dọ̀ wò ni ibi tí a to àwọn ọ̀rọ̀ sí. Ohun tí gbogbo ayé gbà pé ó dára àti ohun tí oníṣòwò kan ń fẹ́ wà nínú ìwé kan náà, wọ́n jọ wọ aṣọ kan náà, ẹni tí ó bá sì lòdì sí ìkejì, ó rọrùn láti sọ pé ìkínní ni ó lòdì sí. Nínú gbogbo ìwé náà, ọ̀ranyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti ọba Èkó nìkan. Ìdérí tí a fi bo ọbẹ̀ ni òmìnira ẹrú. Ohun tí ó wà nínú ìkòkò ni òwò epo. Nínú àyẹ̀wò tí ó ṣe lórí bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe gba Èkó, tí ó jáde ní 1961, J.F. Ade Ajayi ti fi hàn pé ìfẹ́ láti darí òwò Èkó ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ju àánú ẹrú nìkan lọ.

Ẹ̀rí kan wà tí ó fi ìdí èyí múlẹ̀, tí a kì í sì í rí nínú àròkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kòsọ́kọ́ tí wọ́n ní ó burú tó bẹ́ẹ̀ tí a fi gbọ́dọ̀ fi ìbọn lé e, ó lọ tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Kò tó ọdún mẹ́ta tí Kọ́ńsù Benjamin Campbell fi bá òun náà ṣe àdéhùn, ní oṣù Kẹsàn-án 1854. Wọ́n gbà pé òun ni ó ni àṣẹ níbẹ̀, wọ́n sì bù fún un nínú owó ọdọọdún, kí ó ṣáà ti jọ̀wọ́ ìtẹ́ Èkó. Ní 1862, wọ́n jẹ́ kí ó padà wá sí Èkó. Ní ti Ẹfúnróyè Tinúbú, ẹni tí ó ran Akíntóyè lọ́wọ́ láti ìgbà tí ó wà ní Àgbádárìgì, Campbell yìí kan náà ni ó mú kí wọ́n lé e kúrò ní Èkó ní 1856, nígbà tí ó ń bá agbára àwọn àjèjì du òwò àti ọ̀rọ̀ ààfin. Bí ìwà ọ̀daràn bá ni òṣùwọ̀n, Kòsọ́kọ́ kì bá tí gba owó; bí ìrànlọ́wọ́ bá sì ni, wọn kì bá tí lé Tinúbú. Òṣùwọ̀n mìíràn ni wọ́n ń lò.

Ìwé Àdéhùn 1861: Èmi Tí Kì Í Ṣe Èmi

Nígbà tí Akíntóyè kú ní 1853, Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ ni ó jọba, pẹ̀lú ìtìlẹ́yìn Campbell. Ní oṣù Kẹjọ 1861, ọkọ̀ ogun Prometheus dúró sí iwájú Èkó. Ọ̀gá ọkọ̀ náà, Bedingfeld, àti McCoskry tí ó ń di ipò kọ́ńsù mú, gbé ìwé kan fún Dòsùnmú. Ọjọ́ kẹfà oṣù náà ni ó fọwọ́ sí i, lẹ́yìn tí wọ́n ti jẹ́ kí ó mọ ohun tí ìbọn ọkọ̀ náà lè ṣe. Kò pẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ fi kọ̀wé sí Ọbabìnrin Victoria pé tipátipá ni.

Ẹ jẹ́ kí á wo bí a ṣe hun gbólóhùn àkọ́kọ́ nínú ìwé náà. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú awẹ́ gbólóhùn mẹ́ta tí ó ń sọ ìdí: kí Ọbabìnrin lè túbọ̀ ran àwọn ará Èkó lọ́wọ́ kí ó sì dáàbò bò wọ́n; kí òwò ẹrú lè dópin; kí ogun tí Dahomey àti àwọn mìíràn ń jà láti kó ẹrú lè dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni 'èmi, Dòsùnmú' tó dé, lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀-ìṣe gan-an: mo fi í fún, mo gbé e kalẹ̀. Kí ẹni tí ó ń kà tó dé orí ọ̀rọ̀-ìṣe, ó ti ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí a fi fúnni wá ni èbúté àti erékùṣù Èkó pẹ̀lú gbogbo èrè tí ó wà nínú wọn, títí ayé. Wọ́n sì kó àpọ́nlé jọ lẹ́yìn rẹ̀ pé tinútinú ni, pé pátápátá ni, láìkù síbìkan. Àwa tí a ń yẹ ìwé ìdánwò wò mọ̀ pé bí akẹ́kọ̀ọ́ bá tún 'lóòótọ́, lóòótọ́' sọ ju bí ó ti yẹ lọ, nǹkan kan ni ó ń fi pamọ́.

Ta ni 'èmi' inú gbólóhùn yìí? Dòsùnmú kò ka Gẹ̀ẹ́sì, òun àti àwọn ìjòyè rẹ̀ kàn fa ìlà sí ibi orúkọ wọn ni. Ẹni tí ó gba nǹkan ni ó kọ ọ̀rọ̀ tí ó sì fi sí ẹnu ẹni tí ó fúnni. Nínú ewì, a ó sọ pé akéwì lo ohùn ẹlòmíràn, a ó sì yìn ín bí ó bá lò ó dáadáa. Níhìn-ín, ohùn ẹlòmíràn yìí di òfin.

Gbólóhùn kejì tí ó yẹ kí á wò ni èyí tí ó sọ pé a ó gba Dòsùnmú láàyè láti máa jẹ́ ọba ní ìtumọ̀ tí àwọn Adúláwọ̀ máa ń fún un, kí ó sì máa parí ìjà láàárín àwọn ọmọ ìlú bí àwọn fúnra wọn bá fẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n lè pe ẹjọ́ sí òfin Gẹ̀ẹ́sì. 'A ó gba a láàyè.' A máa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa pé ọ̀rọ̀-arọ́pò-orúkọ 'a' ní iṣẹ́ méjì. Ó lè dúró fún èmi àti àwọn ènìyàn mi. Ó sì lè dúró fún ẹni tí a kò dárúkọ, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí a bá ní 'a jí ewúrẹ́ rẹ̀'. Níbi tí a bá ti ń gba ọba láàyè láti jẹ́ ọba, 'a' ti kejì ni ó ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó ń gbà á láàyè kò jáde síta, ṣùgbọ́n gbogbo ilé mọ̀ pé òun ni onílé báyìí.

Owó ọdọọdún ni wọ́n fi rọ́pò owó-ibodè tí ọba ń gbà lórí ọjà tí ń jáde. Ìwé tí wọ́n fi kún ti àkọ́kọ́ ní 1862 sọ iye rẹ̀, 1,200 ọ̀kẹ́ owó ẹyọ. Láti ìgbà náà lọ, owó-ibodè Èkó di ti ìjọba àmúnisìn, òun náà sì ni wọ́n fi ń ná ìjọba náà. Ẹni tí a fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í dúró jẹ ẹ́. Àwa ará etíkun tí a mọ àgbọn mọ̀ bí òwe yìí ti ṣe rẹ́gí tó.

Àgbádárìgì kò pẹ́ lẹ́yìn Èkó. Faransé gba Àjàṣẹ́ sábẹ́ ààbò rẹ̀ ní oṣù Kejì 1863. Ní oṣù Keje ọdún kan náà, àwọn olóyè Àgbádárìgì fi ìlú wọn lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ààbò ni àwọn méjèèjì lò. Ní 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó ní Paris, wọ́n fa ààlà. Àwọn Ògù Àgbádárìgì bọ́ sí apá kan, àwọn Ògù Àjàṣẹ́ sí apá kejì. Àwọn Yorùbá Kétu àti Sakété náà bọ́ sọ́wọ́ Faransé. A kò pe Ògù kan, a kò pe Yorùbá kan sí ìpàdé náà. Báyìí ni àwọn aláàbò méjì ṣe pín àwọn tí wọ́n ń dáàbò bò.

Àwọn Tí Wọ́n Ka Ìwé Náà Dáadáa

Kì í ṣe pé àwọn baba wa jókòó lásán. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ Àpápá, tí wọ́n sì fẹ́ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ẹ̀tọ́ ẹbí tí ó ni ín, Àmọ́dù Tìjání, Olóyè Olúwa, gbé ẹjọ́ náà lọ sí Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù. Herbert Macaulay bá a lọ ní 1920. Ní 1921, ìgbìmọ̀ náà dá a láre: bí àdéhùn 1861 tilẹ̀ gbé àṣẹ ìjọba lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín. Ìwé kan náà ni, ṣùgbọ́n àwọn tí ó fi ọgbọ́n kà á jàre pẹ̀lú rẹ̀. A fẹ́ kí ó yé àwa olùkọ́ pé ìmọ̀ ìwé kíkà tí a ń kọ́ni kì í ṣe eré. Ó ti gba ilẹ̀ padà rí.

Lọ́dún kan lẹ́yìn ìdájọ́ náà, ìjọba fún wa ní ìdìbò. Òfin Clifford ti 1922 fi àyè mẹ́rin sílẹ̀ fún àwọn tí a dìbò yàn: mẹ́ta fún ìlú Èkó, ọ̀kan fún Calabar. Ọkùnrin nìkan ni ó lè dìbò, owó tí ń wọlé fún un lọ́dún kò sì gbọdọ̀ dín ní 100 pọ́n-ùn. Àgbádárìgì tí ó ti wà lábẹ́ àsíá wọn fún ọgọ́ta ọdún nígbà náà kò sí nínú rẹ̀. Àwọn àdúgbò mẹ́jọ tí ó ti ń fi ìjíròrò àwọn olóyè ṣe ìlú kí ìwé 1863 tó dé kò ní ẹnì kan tí yóò sọ̀rọ̀ fún wọn. Ẹni tí ó fúnni ní ìdìbò ni ó ń sọ ẹni tí ó jẹ́ 'àwa'.

Láti La Baule dé Oṣù Kẹfà 1993

Bóyá ẹnì kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni èyí, pé òmìnira ti dé. Ẹ jẹ́ kí á sọdá ibodè Sẹ̀mẹ̀, tí kò jìnnà sí Àgbádárìgì. Ní oṣù Kejì 1990, àwọn ará Benin ṣe àpérò gbogbogbòò ní Kùtọnù. Wọ́n kéde pé àpérò náà ni ó ní àṣẹ tó ga jù, wọ́n gba agbára lọ́wọ́ Kérékou láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì dìbò yan Soglo ní 1991. Ní oṣù Kẹfà 1990, ìyẹn oṣù mẹ́rin lẹ́yìn àpérò náà, Mitterrand olórí Faransé sọ̀rọ̀ ní La Baule pé orílẹ̀-èdè tí ó bá ń rìn lọ sínú ìjọba dẹmọ ni Faransé yóò fi ìtara ràn lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ìwé ni ó ti ń sọ pé La Baule ni ó bí ìjọba dẹmọ ní apá ibí yìí. Ọmọ ti ń rìn kí ẹni tí ó pe ara rẹ̀ ní baba tó dé. Ní Tógò tí ó múlé ti Benin, Eyadéma kò kúrò lórí oyè títí ó fi kú ní 2005, Chirac olórí Faransé sì pè é ní ọ̀rẹ́ Faransé àti ọ̀rẹ́ òun fúnra rẹ̀.

Nílé tiwa, a dìbò ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 1993, wọ́n sì fagi lé e. Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì bínú: wọ́n gé ìrànlọ́wọ́ kù, wọ́n fi físà du àwọn ọ̀gá ológun. Àjọ Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì dá Nàìjíríà dúró ní 1995 nígbà tí wọ́n pa Ken Saro-Wiwa. Ṣùgbọ́n wọn kò ṣíwọ́ epo rírà. Àwọn tí ó ń sá fún ìjọba ológun ń gba igbó ààlà lọ sí Benin, wọ́n sì ń pe ipa náà ní ọ̀nà NADECO. Etíkun tí Akíntóyè ti dúró de ọkọ̀ ní 1851 ni àwọn ènìyàn tún ń sá gbà kọjá. Ìyàtọ̀ ńlá wà níbẹ̀: èyí tí ó fún ìjà wọn lágbára ni ìbò tí àwọn ará ìlú fi ọwọ́ ara wọn dì, kì í ṣe ìwé ẹ̀bẹ̀ tí àjèjì bá wọn kọ.

Lóde ayé, Amẹ́ríkà dá àjọ kan sílẹ̀ ní 1983 fún ìtànkálẹ̀ ìjọba dẹmọ, tí à ń pè ní National Endowment for Democracy. Gẹ̀ẹ́sì dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1992. Ní 1991, Allen Weinstein, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá ti Amẹ́ríkà sílẹ̀, sọ fún oníwèé ìròyìn pé púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí àwọn ń ṣe ní gbangba ni ẹ̀ka aṣọ́nilójú C.I.A. ti ń ṣe ní ìkọ̀kọ̀ ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Orílẹ̀-èdè méjèèjì yìí kan náà ni ó pawọ́ pọ̀ ní 1953 tí wọ́n fi lé Mossadegh kúrò nípò olórí ìjọba ní Iran, nígbà tí ó sọ epo ilẹ̀ rẹ̀ di ti ìlú. Owó tí irú àjọ bẹ́ẹ̀ ń ná lè ran ẹni rere lọ́wọ́, ó sì ti ràn wọ́n lọ́wọ́ rí. Síbẹ̀, ìbéèrè 1852 kò tíì kúrò nílẹ̀: ta ni ó yan ẹni tí a ó ràn lọ́wọ́, kí ni a sì to pọ̀ mọ́ ìrànlọ́wọ́ náà?

Ohun Tí A Lè Fi Tako Wa

Àwọn kan yóò bi wá pé: ṣé kí wọ́n fi Kòsọ́kọ́ sílẹ̀ kí ó máa ta ènìyàn ni? Ìbéèrè gidi ni. Àwọn baba wa ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru. Bí a bá bi ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé sọdá sí Gbẹ̀rẹ̀fú, kò ní bèèrè ohun tí ó wà lọ́kàn ẹni tí ó tú u sílẹ̀. A kò gbọdọ̀ gbàgbé ìyẹn, a kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ìkórìíra àmúnisìn sọ wá di agbẹjọ́rò fún àwọn ọ̀dájú ilé. Ọ̀pọ̀ apàṣẹwàá ni ó ti fi 'ẹ má dá sí ọ̀rọ̀ ilé wa' bo ẹ̀jẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ìdáhùn wa ni pé òwe náà ní kí á sọ fún ará ilé. Kò ní kí á gba ilé rẹ̀. Òpin òwò ẹrú kò béèrè pé kí owó-ibodè Èkó kúrò lọ́wọ́ Èkó títí ayé. Láti òpin òwò ẹrú dé ìwé 1861, àwọn ìgbésẹ̀ kan wà láàárín tí wọ́n fò kọjá, iṣẹ́ alámèyítọ́ sì ni láti wá ibi tí wọ́n ti fò.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí ó kan àwa gan-an. Láti ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì ilé Àgbádárìgì ni àkọtọ́ tí a fi ń kọ Yorùbá ti tọ̀ wá wá. Àjàyí Crowther àti Townsend dúró níbẹ̀ láti 1845 kí ọ̀nà Abẹ́òkúta tó là fún wọn. Gollmer tí ó ti Akíntóyè lẹ́yìn wà lára àwọn tí ó ṣiṣẹ́ lórí bí a ó ti máa kọ èdè wa sílẹ̀. Nítorí náà, bí a ti ń bu ẹnu àtẹ́ lu ìwé wọn, ohun tí wọ́n fi lé wa lọ́wọ́ ni a fi ń bù ú. A kò tijú èyí. Ohun tí ó sọ àkọtọ́ náà di tiwa ni pé àwa ni a ń lò ó, àwa ni a ń tún un ṣe, ohun tí ó bá sì wù wá ni a ń fi í sọ. Ìjọba dẹmọ kò lè gba ọ̀nà mìíràn di tiwa.

Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé àwọn ìwé àdéhùn etíkun wa ní ọgbọ́n èdè mẹ́ta nínú: wọ́n to ohun rere mọ́ ohun èrè, wọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹni tí ó gba nǹkan sí ẹnu ẹni tí ó fúnni, wọ́n sì fi ẹni tí ń pàṣẹ pamọ́ sẹ́yìn gbólóhùn. A sì ti fi hàn pé ọgbọ́n yìí kò tíì kú.

Ohun tí a ń bẹ ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa fún kò pọ̀. Kí á máa ka ìtumọ̀ àwọn ìwé àdéhùn wọ̀nyí pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí a ti ń ka ewì, kí á sì máa bi wọ́n pé ta ló ń sọ̀rọ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ọ́ pé Òyìnbó ni ó fún wa ní ìjọba rere ní Àgbádárìgì, kí ẹni tí ó ń yẹ ìwé wò má ṣe já a sílẹ̀ nítorí pé èrò rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa. Kí ó máa wò ó bóyá akẹ́kọ̀ọ́ náà mú ẹ̀rí wá. Èyí tí ó bá sì kọ òdìkejì rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rí, kí á má ṣe gé máàkì rẹ̀ nítorí pé kò kọ ohun tí ó wà nínú ìwé tí a mọ̀.

Ìkẹyìn ni ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Nínú gbogbo orúkọ tí Yorùbá fún irú ìjọba yìí, 'ìjọba tiwa-n-tiwa' ni ó tẹ́ wa lọ́rùn jù, nítorí pé kò ṣeé tọrẹ. 'Wa' ni ó wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àjèjì lè sọ pé 'tiyín ni', ó sì lè bá wa yọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ó bá sọ pé 'tiwa-n-tiwa', ó yẹ kí á bi í pé òun àti ta ni.